Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwé tí àgbà tó ń kọ́ ìwé kíkà kọ fún àgbà bíi tiẹ̀

Àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà, wàhálà tó máa ń kọ́kọ́ bá pàdé ni pé kò sí ohun tó máa kà. Èyí tó rọrùn, ọmọdé ni wọ́n kọ ọ́ fún, ajá ń sáré, bọ́ọ̀lù ń yí, ẹni tó ti lọ́mọ lọ́mọọmọ á wá jókòó máa ka ìyẹn. Èyí tó bá ọjọ́ orí ẹ̀ mu, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ti le jù. Ìdí nìyẹn táwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ ìwé fún ara wọn, àmọ́ ẹni tí ò tíì mọ̀wé kà dáadáa, báwo ló ṣe fẹ́ kọ ọ́?

Ẹnu ló fi ń kọ ọ́. Á máa sọ̀rọ̀, tíṣà tàbí akẹ́kọ̀ọ́ mí-ìn tọ́wọ́ ẹ̀ ti ń yá á máa kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu ẹ̀, á máa fo ìlà kọ̀ọ̀kan kí àyè wà fún àtúnṣe. Tó bá parí, wọ́n á kà á sí i létí, á ní "rárá o, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ yẹn", wọ́n á fagi lé e. Àwọn kan máa ń fi fóònù ká ohùn sílẹ̀, ó dáa fún ẹni tó ń yára sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹni tó ń wo bíró bó ṣe ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀, ìwé kíkà ti bẹ̀rẹ̀ fún un níbẹ̀ yẹn.

Ohun tó le jù ni kí tíṣà má fi tiẹ̀ kún un. Akẹ́kọ̀ọ́ sọ pé "ẹ̀rù bà mí, mi ò wọlé", tíṣà á fẹ́ sọ ọ́ di "nítorí ìbẹ̀rù tó gbà mí lọ́kàn, n kò lè wọlé", ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an ló ń jẹ́ kí ìwé náà ṣeé kà, tí òǹkàwé bá ti ka ọ̀rọ̀ méjì, etí ẹ̀ á ti mọ èyí tó kàn kójú ẹ̀ tó débẹ̀. Sípẹ́lì ṣá, wọ́n máa ń tún un ṣe, torí ẹni tó máa kà á náà ṣì ń kọ́ sípẹ́lì. Gírámà ni wọ́n máa ń jà sí, ẹni tó sì ni ọ̀rọ̀ ló yẹ kó borí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á pín in sí ìlà. Kì í ṣe ewì o, ibi tí ẹnu ti máa ń sinmi ni wọ́n ti ń gé e:

Tí wọ́n bá fún mi ní fọ́ọ̀mù,
mo máa ń sọ
pé mo gbàgbé awò ojú mi sílé.

Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ló gé e fúnra ẹ̀, "pé mo" lè wà lókè kí "gbàgbé awò" wà nísàlẹ̀, ẹni tó ń fìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan á ti gbàgbé ti òkè kó tó dé ìsàlẹ̀. Lẹ́tà á tóbi díẹ̀, wọn ò sì ní lo lẹ́tà ńlá látòkè délẹ̀, torí gbogbo ọ̀rọ̀ á kàn rí gbọọrọ bákan náà bí àpótí. Fótò ni wọ́n fi ń ṣe àwòrán ẹ̀ dípò yíyà tọmọdé.

Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n á gbé e fún kíláàsì tí ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Ó yani lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ gígùn kọ́ ló máa ń dá wọn dúró, "ilé ìwòsàn" ò ṣòro fẹ́ni tó ń rí i lára ògiri lójoojúmọ́. "Ó" ni. Ta ni "ó" yìí, ìyá ni àbí dókítà? Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́nu, ojú àti ọwọ́ ń tọ́ka, pépà ò lè tọ́ka. Wọ́n á gbé ìbéèrè yẹn padà fún ẹni tó kọ ọ́, òun náà láá tún un sọ.

Àwọn tó ń ṣe é lọ́nà báyìí ti pẹ́. Ní Britain, ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Write First Time, tó kún fún ohun táwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ, jáde láti 1975 dé 1985, Gatehouse, tó ń tẹ ohun táwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ jáde, sì bẹ̀rẹ̀ ní Manchester ní 1977, ìwé ni tiwọn.

Pépà kan tí wọ́n ṣẹ́ po á di ojú ewé 4, torí náà 8, 12 tàbí 16 ni ìwé pélébé tí wọ́n fi pín-ìnì dè láàárín máa ń ní, tí ọ̀rọ̀ bá parí sí 13, fótò lá dí ìyókù.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló kù. Ọ̀gá ẹlòmí-ìn níbi iṣẹ́ ò mọ̀ pé kò mọ̀wé kà, torí náà ó lè lo orúkọ mí-ìn, wọ́n á sì pààrọ̀ orúkọ àwọn tó bú nínú ìtàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kí wọ́n bi í bóyá ó gbà, nígbà tó sọ̀rọ̀ tán àti nígbà tí ìwé fẹ́ lọ síbi ìtẹ̀wé, torí ẹni tó ti gbà tẹ́lẹ̀ lè rí fótò ara ẹ̀ lára èèpo ìwé kó ní òun ò ṣe mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́.