Kí ló dé tí wọ́n fi ń wá sẹ́ẹ̀lì àwọn Hispanic fúnra wọn?

Ìbéèrè: Kí ni sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀?

Ìdáhùn: Sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì yan iṣẹ́ ni. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ kì í dédé di ti ọpọlọ, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ṣì lè di èyíkéyìí nínú wọn. Inú ọlẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un tẹ́lẹ̀, ìyẹn sì dá awuyewuye sílẹ̀. Ní 2006, Shinya Yamanaka, ará Jàpáànù, fi jíìnì (àṣẹ àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) mẹ́rin péré sọ sẹ́ẹ̀lì awọ èkúté di sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló ṣe ti ènìyàn. Láti ìgbà náà, ẹ̀jẹ̀ tàbí awọ bíńtín lára aláìsàn ti tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìbéèrè: Kí ló wá kan àwọn Hispanic níbẹ̀?

Ìdáhùn: Hispanic ni wọ́n ń pe àwọn tó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Sípáníìṣì, pàápàá àwọn tó ń gbé Amẹ́ríkà. Àrùn tó ń ṣe wọ́n ló ń ṣe gbogbo ayé, àmọ́ jíìnì tó ń ṣínà fún àrùn kò pọ̀ bákan náà nínú gbogbo ìran. Ẹ wo ọ̀rá tó ń kó sínú ẹ̀dọ̀. Ní 2008, àwọn olùwádìí ní Dallas rí irú jíìnì PNPLA3 kan tó ń ṣínà fún un. Nínú gbogbo ẹ̀dà jíìnì náà lára àwọn Hispanic tí wọ́n yẹ̀ wò, 49 nínú 100 ló jẹ́ irú yìí. Lára aláwọ̀ funfun, 23. Lára aláwọ̀ dúdú, 17. Síbẹ̀, ara àwọn tí ìran wọn jẹ́ ti Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ jù lọ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tí wọ́n tọ́jú pamọ́ ti wá. Èyí kò tọ́ rárá.

Ìbéèrè: Ṣé ó ti so èso níbì kan?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká lọ sí Antioquia, ní Kòlóńbíà. Ìdílé ńlá kan wà níbẹ̀, bí 6,000 ènìyàn, tí Alzheimer, àrùn tó ń mú kí iyè ènìyàn ra, ń mú àwọn kan nínú wọn kí wọ́n tó pé àádọ́ta ọdún. Ìyípadà kan nínú jíìnì PSEN1, tí wọ́n ń pè ní E280A, ni wọ́n ń jogún. Francisco Lopera, dókítà ọpọlọ, tọ́jú wọn, ó sì ń ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi kú ní 2024.

Ta ni yóò gbà kí wọ́n gé lára ọpọlọ òun láàyè? Lẹ́yìn ikú ni wọ́n sábà máa ń rí i, àrùn á sì ti bà á jẹ́ kọjá kí a mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gba sẹ́ẹ̀lì lára àwọn ará ìdílé náà, tí wọ́n sọ ọ́ di sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ti ọpọlọ nínú àwo ìwádìí, tí wọ́n ń wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní 2019 ni ohun ìyanu jáde: obìnrin kan nínú wọn jogún E280A, àmọ́ iyè rẹ̀ ò ra títí ó fi lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ní ìyípadà mìíràn nínú jíìnì APOE, tí wọ́n ń pè ní Christchurch, lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá. Àwọn olùwádìí ti fi ìyípadà yẹn sínú sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ báyìí, kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń dáàbò bo ọpọlọ, bóyá oògùn lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé Hispanic kan lè dúró fún gbogbo wọn?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ̀jẹ̀ àwọn onílẹ̀ àtijọ́ pọ̀ lára àwọn ará Mẹ́síkò. Ti Áfíríkà pọ̀ lára àwọn ará Dominican ju ti àwọn ará Mẹ́síkò lọ. Ní Kúbà, ìran àwọn Lùkùmí, ẹ̀jẹ̀ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ, wà níbẹ̀ títí dòní. Sẹ́ẹ̀lì àwọn Yorùbá Ìbàdàn, tí wọ́n gbà fún HapMap, iṣẹ́ ìwádìí tó wo bí jíìnì ṣe yàtọ̀ láàárín àwọn ìran ayé, sì wà lára èyí tí àwọn olùwádìí ní Chicago ti sọ di sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ni àwo kò lè fi hàn?

Ìdáhùn: Ọjọ́ orí, àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ti dá sẹ́ẹ̀lì padà sí ìpìlẹ̀, ti ẹni 60 ọdún a máa hùwà bí ti ọmọ inú oyún, ó sì ṣòro láti fi irú rẹ̀ wo àrùn àgbà. Àwo kò sì lè sọ fún wa nípa ẹni tí kò rówó dókítà san, tàbí tí oúnjẹ gidi jìnnà sí àdúgbò rẹ̀. Àtọ̀gbẹ tó ń yọ ọ̀pọ̀ Hispanic lẹ́nu ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ti jíìnì nìkan. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ wọn nìkan ló fà á, ó parọ́ mọ́ wọn.