Ẹ̀rí Tó Wà Lára Ẹ̀ka Gbígbẹ

Inú àbàtà àríwá Amẹ́ríkà àti ti Kánádà ni igi kékeré tó ń jẹ́ Lonicera oblongifolia ń hù. Òdòdó rẹ̀ máa ń yọ ní ìbejì, méjì lórí ọrùn kan, aláwọ̀ ìyeyè tó ṣá díẹ̀. Èso tó bá tẹ̀lé e á pupa.

Ẹni tó bá fẹ́ kó o lọ sí ilé àkójọ ewé gbígbẹ á gé ẹ̀ka kan tó ní òdòdó tàbí èso. Á tẹ́ ẹ sínú ìwé ìròyìn, á dojú ewé kan dé kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè hàn, á fi páálí bò ó lókè nísàlẹ̀, á wá fi pákó méjì há gbogbo rẹ̀, á sì fi okùn fún un. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti gbẹ. Àwọ̀ òdòdó kì í dúró, nítorí náà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò nínú ẹrọ̀fọ̀ ló ti gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ilé àkójọ, inú fírísà ni ẹ̀ka náà kọ́kọ́ ń wọ̀, kí kòkòrò tó fara pamọ́ sí i lè kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà líle, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 29, tó sì gùn tó 42. Ìwé pélébé kan máa ń wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún: orúkọ igi, orúkọ àbàtà, àwọn igi tó yí i ká, ọjọ́, ẹni tó gé e àti nọ́ńbà tó fún un. Bí ìwé yìí bá já sọnù, koríko gbígbẹ lásán ló kù.

Ẹwà ètò yìí ni pé ẹnikẹ́ni kì í pa ọ̀rọ̀ ẹni àná rẹ́. John Goldie, ará Scotland tó rin Kánádà ní 1819, pe igi yìí ní Xylosteum nínú ohun tó tẹ̀ jáde ní 1822. Hooker, onímọ̀ nípa ewéko, ló wá kó o sábẹ́ orúkọ Lonicera. Bí onímọ̀ òní bá rí i pé orúkọ kan kò tọ́, ìwé pélébé tuntun ni yóò lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀ àti ọdún. Àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì, torí àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n kó wá láti òkè òkun, bíi Lonicera tatarica àti Lonicera morrowii, ti ya wọ igbó, èèyàn sì lè ṣì wọ́n mú fún un. Ẹ̀ka tó ti gbó díẹ̀ ló ń yanjú ẹjọ́ wọn. Bí wọ́n bá gé e, inú ti àjèjì á ṣófo bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Ti onílé á kún fún mùdùnmúdùn funfun.

Ìbàdàn náà ní irú ilé àkójọ yìí, Forest Herbarium Ibadan, FHI ni àmì tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n.

Ní báyìí, wọ́n ń ya fọ́tò bébà kọ̀ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń sọ orúkọ àbàtà di àmì lórí máàpù. Ọjọ́ tí òdòdó yọ lọ́dún pípẹ́ sẹ́yìn ṣeé fi wé ti ọdún yìí, láti mọ̀ bóyá ooru ti ń mú un yára. Ṣùgbọ́n ibi tí kò sí àmì kò túmọ̀ sí pé igi kò sí níbẹ̀. Ẹ̀bá títì ni àwọn tó ń gé ẹ̀ka sábà máa ń rìn, àbàtà sì ṣòro wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àmì àtijọ́ lè bọ́ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ kòtò fa omi rẹ̀ tán, tí àgbàdo ti wà lórí rẹ̀ báyìí.