Eré bàálù: ibi tó yẹ kí òǹwòran dúró sí

Eré bàálù, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń pè ní airshow, ni ibi tí àwọn páílọ́ọ̀tì ti ń fi bàálù dárà lójú ọ̀run kí àwọn tó wà nílẹ̀ lè wò ó. Bàálù á lọ sókè gọ̀ọ́rọ̀, á dojú dé, á pòòyì bí òkòtó, tàbí kí márùn-ún mẹ́fà tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bíi lékeléke. Ọ̀rọ̀ tó le jù níbẹ̀ ni bí òǹwòran ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà tó, torí gbogbo èèyàn ló fẹ́ wà níwájú, bẹ́ẹ̀ iwájú pátápátá kọ́ ni wọ́n ti ń rí i dáa jù.

Ará Òṣogbo mọ bí èrò ṣe ń rọ́. Lọ́dún Ọ̀ṣun, nínú oṣù kẹjọ, tí Arugbá bá ti yọ báyìí, ẹni ẹ̀yìn á máa ti ẹni iwájú, àwọn tó yí i ká á máa lé èèyàn sẹ́yìn kó lè rọ́nà kọjá. Tí eégún bá sì jáde, atóri ló ń sọ ibi tí òǹwòran máa dúró sí. Níbi eré bàálù, okùn tàbí fẹ́ǹsì ló ń ṣe iṣẹ́ atóri yẹn.

Ìlà méjì ló wà. Ọ̀kan ni ìlà èrò, níbi tí fẹ́ǹsì wà, èkejì ni ìlà tí páílọ́ọ̀tì ń tẹ̀lé, wọ́n lè fi ojú ọ̀nà tí bàálù ń gbà gbéra ṣe é tàbí kí wọ́n fi àmì sílẹ̀ kó lè rí i látòkè. Àlàfo àárín méjèèjì ni òfin ń wọ̀n. Ní Amẹ́ríkà, FAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù, pín in sí mẹ́ta: bàálù tó ń sáré ju nǹkan bíi kìlómítà 450 lọ ní wákàtí kan, jẹ́ẹ̀tì ológun ló pọ̀ jù nínú wọn, ò gbọ́dọ̀ dárà níbi tó sún mọ́ èrò ju ẹsẹ̀ bàtà 1,500 lọ, ìyẹn bíi mítà 457, tó ju pápá bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí wọ́n tò ní gígùn lọ. Àwọn tí eré wọn kéré sí ìyẹn ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000, àwọn kéékèèké ní 500.

Ṣùgbọ́n tí a bá ṣírò ẹ̀, jẹ́ẹ̀tì tó ń lọ ní mítà 250 ní sẹ́kọ́ǹdì kan á kọjá mítà 457 yẹn kí sẹ́kọ́ǹdì méjì tó pé, ẹni tó wà nílẹ̀ ò tíì dìde tán. Ìdí nìyẹn tí òfin kejì fi wúwo ju nọ́ńbà lọ, pé bàálù tó ń dárà ò gbọ́dọ̀ kọjú sí èrò, kó máa gba iwájú wọn kọjá ní ìbú, tó bá sì fẹ́ yí, kó yí síta, kó lè jẹ́ pé ohunkóhun tó bá já lára ẹ̀ á bá ọ̀nà tó ń lọ lọ.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi kọ òfin wọ̀nyí. Ní Farnborough, ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án 1952, bàálù DH.110 fọ́ sókè, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ já bọ́ sáàárín èrò, òǹwòran 29 kú pẹ̀lú àwọn méjì tó wà nínú ẹ̀. Ní Ramstein, ní Jámánì, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ 1988, àwọn ọmọ ogun òfurufú Ítálì tí wọ́n ń pè ní Frecce Tricolori ń ya àwòrán ọkàn sójú ọ̀run, ọ̀kan ṣoṣo yóò gba àárín ẹ̀ kọjá, ọ̀dọ̀ èrò ló sì kọjú sí. Bàálù mẹ́ta kọlu ara wọn, ẹyọ kan yẹn já bọ́, ó ń jó bọ̀ wá bá àwọn tó jókòó. Èèyàn 70 ló kú, páílọ́ọ̀tì mẹ́ta wà lára wọn. Èyí tó burú jù ni ti Sknyliv, nítòsí Lviv ní Ukraine, ní ọjọ́ 27 oṣù keje 2002, tí jẹ́ẹ̀tì ológun Su-27 wó sáàárín èrò, ó pa èèyàn 77, ọmọdé 28 wà nínú wọn, àwọn páílọ́ọ̀tì méjèèjì fi páráṣútù jáde.

Ní ti ìran wíwò fúnra ẹ̀, ẹni tó bá na apá tó sì di ojú kan, àtàǹpàkò ẹ̀ á bo jẹ́ẹ̀tì tó gùn tó mítà 12 tó bá wà ní mítà 457. Ó kéré lójú lóòótọ́, àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí gbogbo bí wọ́n ṣe tò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá wà lábẹ́ wọn á kàn rí ikùn bàálù kan tó kọjá fìrì ni. Ohùn náà ń pẹ́ dé: bíi sẹ́kọ́ǹdì kan àti díẹ̀ ló ń gbà, kó tó dé etí, jẹ́ẹ̀tì ti lọ ju pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta lọ síwájú, nítorí náà kéèyàn má fi ojú wá a níbi tí ariwo ti ń bọ̀, kó wo iwájú ibẹ̀. Ariwo yẹn lè ba etí jẹ́, pàápàá etí ọmọ kékeré, ẹ bá wọn wá nǹkan bo etí. Kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Ní ọ̀sán gangan l'Óṣogbo, orí èèyàn ni oòrùn ń wà, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló dáa, tó bá sì di ìgbà ọyẹ́, eruku lè bo ojú ọ̀run débi pé òǹwòran ò ní rí nǹkan gidi.

Àwọn tó wà níta fẹ́ǹsì ni wọ́n ń gbàgbé jù. Ní Shoreham, ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ 2015, bàálù Hunter kan ò lè parí bó ṣe fẹ́ yí òbìrìkìtì, ó já sórí títì A27, èèyàn 11 kú, kò sí ìkankan nínú wọn tó wà nínú ọgbà eré náà, àwọn kan kàn ń wakọ̀ lọ, àwọn kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì láti wò ó. L'Ábújá, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án 2018, bàálù ológun F-7Ni méjì já bọ́ ní Katampe nígbà tí wọ́n ń dánra wò fún àjọ̀dún òmìnira, páílọ́ọ̀tì kan kú, ọjọ́ eré gan-an ò tíì pé.

L'Óṣogbo níbí, tí ẹlikọ́pítà bá fẹ́ balẹ̀ sí pápá ilé-ìwé nígbà ìpolongo ìbò, àwọn ọmọdé á ti sáré débẹ̀ kó tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀, atẹ́gùn abẹ́ ẹ̀ á sì gbé erùpẹ̀, náílọ́ọ̀nù omi àti òkúta wẹ́wẹ́ dà sí wọn lójú. Àwọn míì á wà lórí páànù ilé. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣeré bàálù ní pápá bàálù Ìdó-Ọ̀ṣun lọ́jọ́ kan, títì tó gba ibẹ̀ kọjá àti òrùlé àwọn ará àdúgbò gbọ́dọ̀ wà nínú ìwọ̀n tí wọ́n máa wọ̀n, kí wọ́n tó tẹ́ àga sílẹ̀ fún àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.