Bí Ìkànnì Ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ Ṣe Ń Dákẹ́

Ẹnikẹ́ni tó bá gbé fóònù Nokia kiri ní Nàìjíríà láàárín 2011 sí 2013 á rántí 2go, ìkànnì tí wọ́n fi ń tàkúrọ̀sọ lórí fóònù. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ṣe é, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ló rọ́ kún inú rẹ̀. Bí èèyàn bá ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ tó ni ipò rẹ̀ ń ga sí, láti Novice títí dé Ultimate, débi pé àwọn kan a máa ṣí i sílẹ̀ di ìdájí torí kí ipò wọn lè gòkè. Kò sí àṣẹ ìjọba tó kó wọn kúrò níbẹ̀. Wọ́n rọra yọ́ lọ ni: àwọn kan gba orí BBM, ìkànnì ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ ti BlackBerry, lọ, púpọ̀ bọ́ sórí WhatsApp. Nígbà tó di May 31, 2019, wọ́n ti BBM náà pa fún aráàlú.

Ohun tó ń kó èrò wọ irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ ló ń kó wọn jáde. Ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Bí ogún ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ti dùn, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ni ìkànnì kò fi nǹkan kan kún un. Bí ọjà ṣe ń kún nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń tú. Àwọn onímọ̀ kan ní fásitì ETH Zurich, ní Switzerland, yẹ òkú Friendster wò, ìkànnì tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, wọ́n sì gbé iṣẹ́ wọn jáde ní 2013. Bí àlàyé wọn ṣe lọ rèé. Ká ní èèyàn kò rí ìdí dúró mọ́ bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kù kò bá pé mẹ́ta. Ẹni tó ní ogún ọ̀rẹ́ kò ní mọ̀ ọ́n lára bí ọ̀kan bá lọ. Ẹni tó ní mẹ́ta péré, tí ọ̀kan lọ nínú wọn, òun náà á lọ, lílọ rẹ̀ á sì dín ọ̀rẹ́ àwọn méjì tó fi sílẹ̀ kù. Etí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa jẹ wọ inú bí ìgbà tí ikán bá dé ilé. Ní ti Friendster, wọ́n yí ojú ìkànnì náà padà ní 2009, wàhálà tó wà nínú lílò rẹ̀ sì ju èrè ibẹ̀ lọ fún àwọn tí ọ̀rẹ́ wọn kéré. Ìdí nìyẹn tí ibi tí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn wà fi lè ṣófo láàárín ọdún díẹ̀.

News Corp, ilé iṣẹ́ ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà, ra ìkànnì MySpace ní mílíọ̀nù 580 dọ́là ní 2005. Ní 2011, nǹkan bíi mílíọ̀nù 35 ni wọ́n tà á. Ìkànnì Orkut, tí àwọn ará Brazil fẹ́ràn bí ojú, di títì ní September 30, 2014, lẹ́yìn tí Facebook ti kó èrò rẹ̀ lọ.

Ti ìsinsìnyí yàtọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìkànnì ti sú aráyé, iye tí àwọn ilé iṣẹ́ ń kà kò gbè é. Lóòótọ́, ní ìparí 2021, iye àwọn tó ń lo Facebook lójúmọ́ dín kù fún ìgbà àkọ́kọ́, owó ìpín ìdókòwò Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook, Instagram àti WhatsApp, sì fi nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún já wálẹ̀ ní February 3, 2022. Kò pẹ́ tí iye èrò náà fi gòkè padà. Ní March 2024, èèyàn bílíọ̀nù 3.24 ni Meta kà lójúmọ́ lórí gbogbo ìkànnì rẹ̀ lápapọ̀. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà sì ti Twitter pa láti June 5, 2021 títí di January 13, 2022, VPN, ohun èlò tó ń jẹ́ kéèyàn wọ ìkànnì tí wọ́n tì pa, ni ọ̀pọ̀ èèyàn sáré wá kí wọ́n lè máa wọlé. Ẹni tí nǹkan ti sú kì í wá ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

Ibi tí òǹkà yìí ti ń ṣini lọ́nà ni pé ẹni tó ṣílẹ̀kùn ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ẹni tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣí Facebook, tó wo fídíò oúnjẹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tó tì í padà láìsọ nǹkan kan, ọgbọọgba ni wọ́n ka òun àti ẹni tó kọ nípa ìkómọ ọmọ rẹ̀. Ọjà kún, àmọ́ òǹwòran ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Bí ẹnu ṣe ń pa mọ́ nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ni Facebook kọ́kọ́ wà fún. Ní September 2006 ni wọ́n ṣí i fún gbogbo ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13. Díẹ̀díẹ̀, àna dé, ọ̀gá ibi iṣẹ́ dé, ìyá ìjọ dé, ẹni tí a jọ ka ìwé mẹ́fà náà dé. Yorùbá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a ń bá ẹgbẹ́ sọ kọ́ là ń sọ níwájú àna. Nígbà tí gbogbo wọn bá jókòó sójú kan, ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ á wọ̀n ọ́n títí, á gbé e mì.

Ẹ̀rọ tó ń yan ohun tí a ó rí ló dá kún un. Ó ń kọ́ ohun tí ojú wa pẹ́ lé lórí, ó sì ń wá irú rẹ̀ fún wa, bóyá a mọ ẹni tó ṣe é tàbí a kò mọ̀ ọ́n. Fọ́tò mọ́ínmọ́ín tí ọ̀rẹ́ ẹni sè kò lè bá fídíò tó dára jù lọ láyé du ojú wa. Torí náà, ẹ̀rọ kì í gbé e síwájú. Ọ̀rẹ́ náà kò rí ẹni dá a lóhùn. Lọ́jọ́ mìíràn, kò ní gbé nǹkan kan síbẹ̀ mọ́. Bí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ṣe ń wọ́n sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń fi ti àjèjì dí àlàfo rẹ̀. Nínú ẹjọ́ tí FTC, àjọ tó ń rí sí ìdíje láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, pe Meta, Adájọ́ James Boasberg kọ ọ́ sínú ìdájọ́ rẹ̀ ní November 2025 pé ìdá 17 péré nínú ọgọ́rùn-ún àkókò tí àwọn èèyàn ń lò lórí Facebook ni wọ́n fi ń wo ohun tí ọ̀rẹ́ wọn gbé síbẹ̀. Ti Instagram jẹ́ ìdá 7. Ohun tó kù ti sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n ju àgbàlá tí a ti ń tàkúrọ̀sọ lọ.

Ọ̀rọ̀ kò tán, inú yàrá ló wọ̀. Ẹbí tó ní ọmọ ní Ìbàdàn, ní London àti ní Houston ní gúrúùpù WhatsApp tiwọn. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ní tiwọn, àwọn aláàjọ náà ní tiwọn. Status pàápàá, ẹni tí a jọ fi nọ́ńbà ara wa pamọ́ ló ń rí i, bó bá sì di wákàtí 24, ó ti pòórá, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti gbé síbẹ̀. Ohùn tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ tún ṣe Yorùbá lóore ńlá: ìyá tí kò rí àmì ohùn fi sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù rẹ̀ ń sọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ láìṣì, ó sì ń ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì láti òkè òkun wá.

Ohun tó yẹ kó dunni nínú rẹ̀ ni pé yàrá ní ìlẹ̀kùn. Oríkì tí ìyá yẹn kì, bí wọ́n ṣe ń ṣe egbòogi ikọ́, ìtàn agboolé tí bàbá àgbà fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ, kò sí ẹni tó wà níta tó lè wá a rí lórí Google. Inú fóònù ogún èèyàn ló wà. Bí fóònù bá sọnù, tí wọn kò sì tọ́jú rẹ̀ síbòmíràn, á bá fóònù lọ.