Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe Eré Ọdẹ Àbùùbùtán Lórí Tábìlì

Nínú eré ogun orí tábìlì, ẹni méjì ló sábà máa ń kojú ara wọn, oníkálukú á máa fi rúlà àti dáìsì darí àwọn ère kéékèèké tirẹ̀. Ọdẹ àbùùbùtán kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ nìkan làwọn tó ń ṣeré ń darí. Dáìsì ló ń sọ ibi tí ẹranko náà máa gbà. Bí wọ́n bá fi í sọ́wọ́ ẹnì kan, eré ti bàjẹ́ nìyẹn, torí onítọ̀hún ń rí gbogbo tábìlì, á sì máa sá fún ọkọ̀ tí àbùùbùtán gan-an ò tíì rí.

Ìwọ̀n ló kọ́kọ́ ń fa wàhálà. Bí ère ènìyàn bá ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, ọkọ̀ ńlá nìkan á gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60, kò sì ní sí òkun mọ́. Èyí tó dára jù ni kí sẹ̀ǹtímítà kan lórí tábìlì dúró fún mítà kan. Akọ sperm whale, irú àbùùbùtán tí eré yìí dá lé, lè gùn tó mítà 16 bó bá dàgbà, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń lé e láyé àtijọ́ jẹ́ nǹkan bíi mítà 9, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 16 àti 9 ni wọn yóò jẹ́.

Amọ̀ kì í ṣe ohun àwátì ní Ìlọrin níbi táwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò ní Dada àti Òkèlele. Ẹ̀kúnwọ́ kan tó láti fi mọ àbùùbùtán, nítorí ìdajì òkè nìkan la nílò, ikùn wà lábẹ́ omi. Orí ni kí wọ́n fara balẹ̀ mọ: òun nìkan tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ara. Ihò tó fi ń mí wà níwájú orí lọ́hùn-ún, lápá òsì, ìdí nìyẹn tí èémí rẹ̀ fi máa ń dagun síwájú àti sósì. Ohun táwọn ọdẹ fi ń dá a mọ̀ láti òkèèrè nìyẹn. Kí wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gún un níbẹ̀, kí wọ́n so òwú funfun mọ́ ọn lórí, kó dagun bẹ́ẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, inú yàrá ni kó ti gbẹ, kí wọ́n fi aṣọ tútù bò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìrù rẹ̀ á sán.

Ènìyàn mẹ́fà ló ń wà nínú ọkọ̀ kékeré kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún ń wa àjẹ̀, mẹ́ta lápá kan, méjì lápá kejì. Ẹyọ ìgbálẹ̀ tí wọ́n gé kúrú dára fún àjẹ̀ wọ̀nyí. Ẹni kẹfà, ọ̀gá wọn, dúró sẹ́yìn, ó ń tọ́ ọkọ̀.

Aṣọ aró tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì ni òkun. Ìdérí ìgò mẹ́fà tí wọ́n kọ 1 sí 6 sí lára ni wọ́n ń tò káàkiri orí rẹ̀. Bí àbùùbùtán bá rì, wọ́n á gbé e kúrò. Ó lè lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 lábẹ́ omi, nítorí náà ìyípo mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ìṣẹ́jú 15, gbọ́dọ̀ kọjá kí dáìsì tó sọ ìdérí tó máa yọ sí. Láàárín ìgbà yẹn, oníkálukú á gbé ọkọ̀ rẹ̀ síbi tó rò pé ó máa yọ. Bó bá yọ, ẹ̀yìn tàbí iwájú gangan ni kí wọ́n ti sún mọ́ ọn, torí ẹ̀gbẹ́ ni ojú rẹ̀ wà. Ọkọ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wá ti lé e rì.

Irin oníkọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń jù. Irin yìí kì í pa á, ṣe ló ń so ọkọ̀ mọ́ ọn. Ọdún tí wọ́n bá mú fún eré ló ń sọ bó ṣe ń di ẹran mú. Ṣáájú 1848, dáìsì 1 tàbí 2 á tú u. Lọ́dún yẹn ni Lewis Temple, alágbẹ̀dẹ dúdú kan ní ìlú New Bedford ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Virginia, rọ irin tí orí rẹ̀ máa ń yí dábùú nínú ẹran, nítorí náà lẹ́yìn rẹ̀ 1 nìkan ló ń tú u.

Okùn ló wá kàn, òun sì ni eré yìí gan-an. Okùn ọkọ̀ kan máa ń gùn tó nǹkan bí mítà 550. Lórí tábìlì, òwú táwọn ahunṣọ òfì ń lò ni wọ́n ń so mọ́ àbùùbùtán àti ọkọ̀, pẹ̀lú kókó 12 lára rẹ̀. Ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, dáìsì 1 tàbí 2: ó rì, ó gba kókó mẹ́ta. 3 sí 5: ó sá, ó wọ́ ọkọ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 20, ó gba kókó kan. 6: ó kọjú sí wọn. Ẹni tó ju irin àti ọ̀gá gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ipò, torí ọ̀gá ló ń fi ẹ̀sín pa á; ìyípo kan lọ sí ìyẹn. Ènìyàn mẹ́rin ló kù nínú ọkọ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa bu omi sí okùn níbi tó ti lọ́ mọ́ òpó kúkurú ẹ̀yìn ọkọ̀, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ igi á gbiná. Ẹni méjì ló lè fa kókó kan padà. Bí omi bá wọ ọkọ̀, ta ni yóò gbọ́n ọn? Bí kókó bá tán, àáké tó wà níwájú ọkọ̀ ni wọ́n á fi gé okùn, tàbí kí wọ́n bá a rì. Ibí yìí ni gbogbo àwọn tó yí tábìlì ká ti máa ń dìde dúró.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ 6 yẹn kúrò pé ó ti le jù. Ní 20 Oṣù Kọkànlá 1820, àbùùbùtán kan kọlu ọkọ̀ ńlá Essex, ó sì rì í sínú Òkun Pàsífíìkì. Nínú ènìyàn 20 tó wà níbẹ̀, 8 péré ló yè.

Òkú àbùùbùtán ṣòroó wọ́: sẹ̀ǹtímítà 5 ní ìyípo kan, 10 bí ọkọ̀ méjì bá so ọwọ́ pọ̀. Oòrùn ń wọ̀ ní ìyípo kẹrìnlélógún, èyí tí kò bá sì tíì dé ara ọkọ̀ ńlá nígbà náà, wọn kì í ka òróró rẹ̀, ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ń dọdẹ rẹ̀, fún ẹnikẹ́ni.