Ẹ Kọ́kọ́ Wá Elégbè: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe Eré Gíríìkì Àtijọ́ ní Gbangba Pẹ̀lú Ará Àdúgbò

Àwọn tó bá fẹ́ ṣe eré Gíríìkì àtijọ́ ní gbangba pẹ̀lú ará àdúgbò wọn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀: ta ló máa ṣe ọba? Wọ́n á ti ní ẹnì kan lọ́kàn, ẹni tí ohùn rẹ̀ ń dún, tí ìrìn rẹ̀ jọ ti ọlọ́lá. Èmi máa ń ní kí wọ́n fi ọba sílẹ̀ ná, kí wọ́n kọ́kọ́ wá elégbè. Nínú eré Gíríìkì, àwọn elégbè ni ìlú. Àwọn ló ń kọrin, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń bá ọba sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń bẹ àwọn òrìṣà nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀. Bí wọ́n bá mọ iṣẹ́ wọn, ẹ ti ní eré. Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, ọba tó mọ eré ṣe jù lọ ò lè gbà yín sílẹ̀.

Bó ṣe rí ní Athens àtijọ́, ìlú kan ní ilẹ̀ Gíríìkì, náà nìyẹn. Lọ́dọọdún, ní nǹkan bí oṣù Mẹ́ta, wọ́n máa ń ṣe ọdún òrìṣà Dionysus, àwọn òǹkọ̀wé á sì fi eré díje níbi ìran tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè Acropolis. Òṣèré mẹ́ta péré ló ń pín gbogbo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú eré láàárín ara wọn. Àwọn elégbè jẹ́ 12 tẹ́lẹ̀, òǹkọ̀wé eré kan, Sophocles, ló sọ wọ́n di 15. Ọmọ ìlú lásán ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹni tó fi eré jẹun. Olówó kan ni ìlú máa ń yàn pé kó gbọ́ bùkátà wọn, kó sanwó ẹni tó ń kọ́ wọn, kó rán aṣọ fún wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá kó aránṣọ, olùkọ́, mẹkáníìkì àti ìyá aláṣọ jọ láti ṣe elégbè, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ẹ ti ba iṣẹ́ àwọn ará àtijọ́ jẹ́.

Ní ti eré tó yẹ kí ẹ mú, ẹ wo ohun tó ń dun àdúgbò yín. Oedipus, eré Sophocles nípa ọba tó pa bàbá rẹ̀ láìmọ̀, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àjàkálẹ̀ àrùn, àwọn ará ìlú wá bẹ ọba pé kó gbà wọ́n. Ola Rotimi, òǹkọ̀wé eré, rí i pé ọ̀rọ̀ wa ni. Ní 1968, àwọn òṣèré Ori Olokun kọ́kọ́ ṣe The Gods Are Not to Blame tó kọ láti inú rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Nínú ti Sophocles, oríta ni Oedipus ti pa bàbá rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń jà lórí ta ni kó yà fún ta ni lọ́nà. Rotimi gbé ìjà náà lọ sí oko iṣu, ó sọ ọ́ di ìjà ilẹ̀ àti ìkórè. Ẹni tó bá ti rí àwọn ẹbí tó ń jà lórí ilẹ̀ kò nílò àlàyé kankan. Femi Osofisan náà gbé eré tí òǹkọ̀wé Gíríìkì Euripides ṣe ní ọdún 415 ṣáájú ìbí Jésù, nípa àwọn obìnrin Troy tí ogun kó, wá sí ìparun Òwu nínú Women of Owu. Bí ẹ̀ ń wá ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì yìí ti la ọ̀nà.

Àmọ́ Antigone, eré Sophocles mìíràn, ni mo fẹ́ràn jù fún ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kò gùn, ìlà rẹ̀ ò tó 1,400. Ìtàn rẹ̀ sì yé tọmọdé tàgbà: Creon ọba pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má sin òkú Polynices, ọmọ ìyá Antigone. Antigone sọ pé òun á sin ín, bí wọ́n fẹ́ kí wọ́n pa òun. Àgbà ọkùnrin ni Sophocles fi ṣe elégbè níbẹ̀. Ní tèmi, mi ò rí ohun tó burú nínú kí àwọn ìyá wà láàárín wọn.

Orin elégbè kan wà nínú eré yìí tó sọ nípa ọmọ ènìyàn. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí mo ṣe ń kọ́ ọ, nìyí: «Ohun ìyanu pọ̀ láyé, kò sí èyí tó tó ọmọ ènìyàn.» Lẹ́yìn náà ni orin wá ń ka iṣẹ́ ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó la òkun kọjá nínú ìjì. Ó ń túlẹ̀ lọ́dọọdún láìsinmi. Ó ń dẹ àwọ̀n fún ẹyẹ, ẹran àti ẹja. Ó kọ́ ara rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sísọ, ó kọ́ ilé tó fi ń sá fún òtútù àti òjò. Ó rí oògùn sí àìsàn, ikú nìkan ni kò rí ibi sá fún. Ẹ má ṣe jẹ́ kí gbogbo wọn jọ pariwo orin yìí láti òkè délẹ̀. Ẹnì kan ni kó lé ìlà àkọ́kọ́, kí gbogbo wọn gbe é. Kí ẹ wá fún apẹja ní ìlà òkun, kí àgbẹ̀ sọ ti ilẹ̀, kí bíríkìlà sọ ti ilé, kí nọ́ọ̀sì sọ ti oògùn. Kálukú á fi ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ sọ ọ́. Nígbà tó bá kan ikú, gbogbo wọn á jọ sọ ọ́ pọ̀, ní ohùn pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ilé rí kì í ka ìlà yẹn bí ẹni ń kàwé.

Ẹnu ni kí ẹ fi kọ́ wọn. Ìwé máa ń ti àwọn tí ò mọ̀ ọ́n kà lójú, àwọn tó mọ̀ ọ́n kà náà á sì tẹ orí mọ́ bébà. Ẹ sọ ọ́, kí wọ́n tún un sọ, kí wọ́n máa rìn lọ síbì kan bí wọ́n ti ń sọ ọ́, kí wọ́n sì yípadà nígbà tí ẹsẹ̀ orin bá yí. Ẹ fi oṣù méjì sí i, ó kéré tán, kí ẹ sì yẹra fún alẹ́ ọjọ́ ọjà. Ní Athens, afunfèrè kan ṣoṣo ló ń bá elégbè rìn. Ẹyọ gángan kan tó fún yín: bí ìlù bá ti pọ̀, ọ̀rọ̀ á rì.

Ilẹ̀ tí ẹ máa lò wá ńkọ́? Ní Epidaurus ní ilẹ̀ Gíríìkì, níbi tí wọ́n ṣì ti ń ṣeré lónìí, ìjókòó tó tó bí 14,000 ni wọ́n tò sí ara òkè, àwọn èrò wà lókè, eré wà nísàlẹ̀. Ẹ wá ilẹ̀ tó dagun díẹ̀, kí ẹ fi àwọn èrò sí ibi gíga. Kí ògiri wà lẹ́yìn òṣèré, nítorí ògiri ló ń dá ohùn padà síwájú. Bí ìrọ̀lẹ́ ni eré, kí èrò kọ ẹ̀yìn sí ìwọ̀ oòrùn, kí ìmọ́lẹ̀ lè wà lójú òṣèré. Ilẹ̀kùn kan péré ni ẹ nílò. Gbogbo eré yìí, iwájú ààfin ló ti ń wáyé. Ibi tí èrò ò ti lè rí wọn ni wọ́n ti ń pa ara wọn, ìránṣẹ́ á wá ròyìn. Fáráńdà ilé ìwé kan tó.

Ẹ dán ohùn wò kí ẹ tó pinnu. Kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn pátápátá, kí òṣèré sọ ìlà mẹ́wàá láìpariwo. Bí gbólóhùn bá ń gé ní ìparí, ìparí gbólóhùn ni kí ẹ kọ́ ọ pé kó máa gbé dúró, torí ibẹ̀ ni èémí ti ń tán. Ẹ ṣe ìdánwò yìí ní wákàtí tí ẹ máa ṣeré gan-an, kí ẹ lè gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò, ìpè ìrun àti àwọn tó ń ṣe ìṣọ́ òru. Ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú, ẹ pè wọ́n sí eré náà. Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ló dára jù nítorí òjò, ṣùgbọ́n ọyẹ́ á gbẹ ọ̀nà ọ̀fun, kí omi wà nítòsí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ ò gbọdọ̀ fò. Àwọn ará Athens máa ń wọ ìbòjú ṣeré. Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀kú egúngún ní àwọn tó ni ín, ó sì ní òfin. Mo fi ìbòjú sílẹ̀, atíke àti aṣọ elégbè tí gbogbo wọn bá wọ bákan náà ni mo ń lò. Bẹ́ẹ̀ náà, onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí kan lè sọ pé òun ò lè gbàdúrà sí Apollo, òrìṣà àwọn Gíríìkì. Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ fún un ní ìlà mìíràn, kí ẹlòmíì sọ èyí, kò ba eré jẹ́. Ẹni tí wọ́n bá fipá mú sọ̀rọ̀, gbogbo èrò ló máa mọ̀.

Àwọn èrò Athens ti mọ ìtàn kí wọ́n tó jókòó, àwọn òǹkọ̀wé sì máa ń kó òṣèré wọn wá síwájú ará ìlú ṣáájú ọdún láti kéde eré. Àwọn tiyín ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kó elégbè lọ sí ọjà lọ́sẹ̀ kan ṣáájú, kí wọ́n kọ orin méjì, kí ẹnì kan sọ ìtàn Antigone láìfi ìparí pamọ́.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn eré pẹ̀lú. Ní Ferguson ní Amẹ́ríkà, ọlọ́pàá kan pa Michael Brown ní 2014, òkú rẹ̀ sì wà ní títì fún wákàtí bíi mẹ́rin. Ní 2016, ilé iṣẹ́ eré kan, Theater of War, ka Antigone fún àwọn ará agbègbè náà, olùkọ́, akọrin ṣọ́ọ̀ṣì àti ọlọ́pàá sì wà lára àwọn elégbè. Lẹ́yìn eré ni àwọn èrò wá sọ tẹnu wọn, ó sì jẹ́ apá kan iṣẹ́ náà gan-an. Ẹ̀yin náà, kí òṣèré má sáré lọ bọ́ṣọ. Kí elégbè jókòó síwájú èrò pẹ̀lú aṣọ wọn, kí ọ̀kan nínú wọn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ẹni tó jókòó sẹ́yìn jù.