Òpin Sáà Eré Ìje Ẹṣin ní Ascot: Kí Ló Parí Gan-an?

Ṣé òótọ́ ni pé ọjọ́ eré ìje ẹṣin ńlá tí wọ́n ń pè ní British Champions Day ni sáà ń parí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Rárá o. Sátidé kan láàárín oṣù kẹwàá ni wọ́n ń ṣe é ní pápá Ascot, láti ọdún 2011. Ẹṣin ṣì ń sáré lórí koríko títí wọ inú oṣù kọkànlá, pápá Doncaster ni wọ́n sì sábà máa ń kádìí rẹ̀. Orí ilẹ̀ àtọwọ́dá ńkọ́? Wọn kì í sinmi níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù.

Ohun tó ń parí ní Ascot ni kíkà. Láti 2015, eré tí agẹṣin bá gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún títí di ọjọ́ yìí nìkan ló ń sọ ẹni tó máa gbadé. Iye ìgbà tó ṣe ipò kìíní ni wọ́n ń kà, wọn kì í wo owó. Ẹni tó bá ń borí lóṣù kejìlá, tiẹ̀ ò sí nínú ìṣirò yẹn.

Eré wo ló ṣe pàtàkì jù?

Champion Stakes, bíi 2,000 mítà, tó wà ní pápá Newmarket tẹ́lẹ̀. Queen Elizabeth II Stakes tó jẹ́ 1,600 mítà ló tẹ̀ lé e. Ti eré sísá kíákíá (1,200), ti abo ẹṣin nìkan (bíi 2,400) àti ti ọ̀nà jíjìn (bíi 3,200) náà wà. Nínú eré tí akọ àti abo ti pàdé, wọ́n máa ń dín pọ́ùn mẹ́ta kù nínú ẹrù tí abo gbé.

Kí ló dé tí ẹṣin tí gbogbo ayé fọkàn tán fi ń pàdánù níbẹ̀?

Ilẹ̀ ni. Oṣù kẹwàá ni, òjò ti ń rọ̀, oòrùn ò sì lágbára láti gbẹ koríko. Pátákò á rì, ẹṣin á máa fi agbára fà á yọ ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ẹṣin tó jẹ́ pé eré kíkankíkan nígbẹ̀yìn ló fi ń borí, kò ní lè sá a mọ́. Èyí tó ń gbé orúnkún ga máa ń fara dà á ju èyí tó ń gbẹ́sẹ̀ nílẹ̀ pẹlẹbẹ. Ẹ fi àárẹ̀ tó ti wà lára wọn láti ìgbà ìrúwé kún un.

Ẹṣin kan tó ń jẹ́ Baaeed borí mẹ́wàá nínú mẹ́wàá kó tó dé ibẹ̀ ní 2022. Ipò kẹrin ló ṣe nínú Champion Stakes, ẹṣin Bay Bridge ló gbà á. Ẹṣin mìíràn, Frankel, ní tirẹ̀ pẹ́ kúrò lójú ìlà ní 2012, ilẹ̀ sì rọ̀, síbẹ̀ ó fi ẹṣin Cirrus des Aigles sẹ́yìn, ó sì fẹ̀yìn tì pẹ̀lú mẹ́rìnlá nínú mẹ́rìnlá. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ẹ má fi ṣe òdiwọ̀n.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ bí ilẹ̀ ṣe rọ̀ tó?

Ọ̀pá kan wà tí ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ọ̀bẹ. Wọ́n á tì í wọlẹ̀, wọ́n á sì fà á sẹ́yìn, ẹ̀rọ orí rẹ̀ á ka agbára tí méjèèjì gbà. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó nilẹ̀ ṣe rọ̀ tó.

Ní 2019, omi pọ̀ débi pé wọ́n kó àwọn eré tó gba orí kọ́nà lọ sí ọ̀nà inú, níbi tí àwọn ẹṣin afògi ti ń sáré. Ọ̀nà tààrà ò yí padà. Nítorí náà, ilẹ̀ oríṣi méjì lè wà ní pápá kan lọ́jọ́ kan náà.

Kí ni kí n wò kí n tó mú ẹṣin kan?

Ẹ wò ó bóyá ó ti borí rí lórí ilẹ̀ rírọ̀, nínú eré tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Wákàtí 48 ṣáájú ni wọ́n ń fi orúkọ ẹṣin sílẹ̀, àmọ́ bí ilẹ̀ bá yí padà, àwọn tó ni ẹṣin lè yọ tiwọn. Ẹ tún orúkọ wò láàárọ̀ ọjọ́ náà.